Beaumont: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Orúkọ Ìdílé Faransé Kan Tí Ènìyàn àti Ìlú Jọ Ń Jẹ́

Kí ni Beaumont, ibo sì ni orúkọ náà ti wá?

Beaumont jẹ́ orúkọ ìdílé tó ti ilẹ̀ Faransé wá, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ orúkọ ibùgbé kí ó tó di orúkọ ènìyàn. Òkè ẹlẹ́wà ni ìtumọ̀ rẹ̀, Bellus Mons sì ni àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń fi èdè Látìn kọ̀wé. Níwọ̀n bí òkè tó wu ojú kò ti ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ náà, tí àwọn ìjòyè onílẹ̀ sì fẹ́ràn láti kọ́ ilé olódi wọn sí ibi gíga kí wọ́n sì fún un ní orúkọ tó dùn ún gbọ́, Beaumont pọ̀ lọ jàra láti Normandy ní àríwá títí dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ní àfikún lẹ́yìn orúkọ, bíi Beaumont-sur-Oise, èyí tó wà létí odò Oise, tàbí Beaumont-sur-Sarthe, èyí tó wà létí odò Sarthe.

Báwo ni orúkọ ibùgbé ṣe di orúkọ ìdílé?

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá, àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ oyè lé lórí kún orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, ọ̀rọ̀ kékeré náà "de" ló sì so méjèèjì pọ̀. Roger de Beaumont túmọ̀ sí Roger tó ni Beaumont. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí Roger yìí yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé ìlú tí ó gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ padà wá gba orúkọ lọ́wọ́ òun náà: títí di òní olónìí, Beaumont-le-Roger ni ìlú náà ń jẹ́, ní agbègbè Eure ní Normandy.

Àwọn mẹ̀kúnnù gba orúkọ yìí ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá kúrò ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Beaumont, tó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ni àwọn ará ibẹ̀ yóò máa pè ní ará Beaumont, orúkọ náà yóò sì di ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé kò nílò irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo àdúgbò ló ti Beaumont wá. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ lọ́dọ̀ tiwa ni orílẹ̀, bí a ṣe ń ki ẹnì kan ní ọmọ Ìkòyí bí kò tilẹ̀ gbé Ìkòyí rí. Ṣùgbọ́n orílẹ̀ ń tọ́ka sí orírun kan ṣoṣo, nígbà tí Beaumont lè tọ́ka sí orírun tó pọ̀ gan-an.

Ṣé ẹbí kan náà ni gbogbo àwọn tó ń jẹ́ Beaumont?

Rárá. Kódà láàárín àwọn ọlọ́lá nìkan, ó kéré tán ìdílé mẹ́ta ló wà tí kò sí ẹ̀jẹ̀ Beaumont kan tó so wọ́n pọ̀.

Èkíní ni ti Roger tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Robert ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó jà fún William Aṣẹ́gun, olórí Normandy tó gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Hastings ní ọdún 1066, ó sì gba ilẹ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1104 ni ìyàwó Robert bí ìbejì, Waleran àti Robert kékeré. Waleran, tí wọ́n kà sí àgbà nítorí pé òun ló kọ́kọ́ jáde (lọ́dọ̀ wọn, Kẹ́hìndé kọ́ ni ẹ̀gbọ́n), gba ilẹ̀ Meulan ní Faransé, àbúrò rẹ̀ sì di ìjòyè Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arákùnrin bàbá wọn, Henry, ti di ìjòyè Warwick, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Newburgh. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀jẹ̀ Roger pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá wọn gbélé, nítorí pé ilẹ̀ ni orúkọ ń tẹ̀ lé nígbà náà.

Ìdílé kejì ni èyí tó sọ Beaumont di orúkọ oyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Beaumont tó wà létí odò Sarthe ni ó sì ti wá. Agnès, obìnrin tó jogún ilẹ̀ náà, fẹ́ Louis ti ìdílé Brienne, ọmọ Jean de Brienne tó ti jẹ ọba Jerúsálẹ́mù. Àwọn ọmọ wọn yan orúkọ ilẹ̀ ìyá wọn, wọ́n sì fi ti bàbá sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Henry de Beaumont, tó kú ní ọdún 1340, lọ sin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di bárọ́ọ̀nì níbẹ̀. John Beaumont tó jẹ́ ọmọ-ọmọ ìdílé yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi oyè Viscount jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1440, wọ́n sì pa á lójú ogun ní Northampton ní ọdún 1460.

Ìdílé kẹta wà ní Navarre, ìjọba kékeré tó wà láàárín Faransé àti Spéènì. Louis, àbúrò ọba Navarre, ló ń jẹ oyè Beaumont-le-Roger ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, nígbà tí ilẹ̀ náà ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìdílé Roger tipẹ́tipẹ́. Ọmọ tí ó bí láìgbéyàwó gba orúkọ Beaumont, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì di alágbára débi pé nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Navarre ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, apá kan nínú àwọn tó ń jà ń jẹ́ Beamonteses, ìyẹn àwọn ará Beaumont. Orúkọ òkè kan ní Normandy wá di orúkọ ẹgbẹ́ ogun lẹ́bàá òkè Pyrenees.

Èwo nínú àwọn ìlú tó ń jẹ́ Beaumont ló yẹ kí a mọ̀?

Ohun ìyanu kan wà nípa méjì nínú wọn. Ní Beaumont-de-Lomagne, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, ni wọ́n bí Pierre de Fermat ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, agbẹjọ́rò tó ń fi ọwọ́ ìsinmi ṣe ìṣirò, tó sì fi ìbéèrè kan sílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ju ọdún 300 lọ wá ìdáhùn sí, kí Andrew Wiles tó yanjú rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún ogún. Ní Beaumont-en-Auge, ní Normandy, ni wọ́n bí Pierre-Simon Laplace ní ọdún 1749, ẹni tó fi ìṣirò ṣàlàyé ìrìn àwọn ìràwọ̀ tó ń yí oòrùn ká. Méjì nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Faransé jáde láti ìlú kékeré méjì tó jìnnà síra tí wọ́n sì jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ìbí wọn sí "Beaumont" lásán yóò da ọ̀rọ̀ rú.

Ogun ni ó mú kí ayé mọ àwọn mìíràn. Ní Beaumont-en-Argonne, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1870, àwọn ọmọ ogun Jámánì ká àwọn ọmọ ogun Faransé mọ́ ibùdó láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọba Napoleon Kẹta bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní Sedan.

Beaumont-Hamel wà ní agbègbè Somme. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1916, nǹkan bí 800 ọmọ ogun láti erékùṣù Newfoundland dìde kúrò nínú kòtò ogun wọn síbẹ̀, ìbọn ẹ̀rọ sì gé wọn lulẹ̀ láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ní ọjọ́ kejì, ènìyàn 68 péré ló dáhùn. Nítorí ìdí èyí, ọjọ́ tí gbogbo Kánádà yòókù fi ń ṣe àjọ̀dún orílẹ̀-èdè náà jẹ́ ọjọ́ ìrántí òkú ogun ní Newfoundland, wọ́n sì tọ́jú pápá ogun náà pẹ̀lú àwọn kòtò rẹ̀ títí di òní.

Lójú tèmi, èyí tó ṣàjèjì jù lọ nínú gbogbo wọn ni Beaumont-en-Verdunois, lẹ́bàá Verdun. Àwọn ìbọn ńlá fọ́ abúlé náà túútúú ní ọdún 1916, ilẹ̀ rẹ̀ sì kún fún àgbá ọta tí kò tíì bú àti egungun ènìyàn débi pé wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà síbẹ̀. Síbẹ̀ ìjọba Faransé kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Abúlé tó kú fún Faransé ni wọ́n ń pè é, ó ṣì wà nínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ìlú tó dá dúró, a sì ń yan olórí ìlú fún un bí kò tilẹ̀ sí olùgbé kan ṣoṣo. Iṣẹ́ olórí náà ni láti bójú tó ibi ìrántí.

Ta ni àwọn ènìyàn olókìkí tó jẹ́ orúkọ yìí?

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn, William Beaumont ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ ìpínlẹ̀ Connecticut ni, wọ́n bí i ní ọdún 1785, ó sì jẹ́ dókítà fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac níbi tí wọ́n ti ń ṣòwò awọ ẹranko, ìbọn ṣèèṣì yìn lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin ní ikùn. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò kú. Kò kú, ṣùgbọ́n ihò ìbọn náà kò dí. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara, ó sì di ojú fèrèsé sí inú àpò oúnjẹ rẹ̀. Beaumont bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹran àti ewébẹ̀ mọ́ òwú sílíkì, ó ń tì wọ́n wọ inú ihò náà, ó ń fà wọ́n jáde lẹ́yìn wákàtí kan sí òmíràn láti wo bí wọ́n ṣe dà. Báyìí ni ó ṣe fi hàn, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1833, pé omi kíkan inú àpò oúnjẹ ni ó ń da oúnjẹ, kì í ṣe ìlọ̀ lásán.

Ìwé ìṣègùn máa ń yin Beaumont, ó sì tọ́ sí ìyìn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé ẹni tó ni ikùn. Òtòṣì tí kò mọ ìwé kà ni St. Martin, ìwé àdéhùn tí wọ́n ní kó tọwọ́ bọ̀ sọ ọ́ di ìránṣẹ́ dókítà náà, ó sì sá lọ sílé rẹ̀ ní Kánádà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó pẹ́ láyé ju dókítà rẹ̀ lọ: Beaumont kú ní ọdún 1853, St. Martin kú ní ọdún 1880. Àwọn ẹbí rẹ̀ fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà kí wọ́n tó sin ín sínú kòtò jíjìn, kí àwọn oníṣègùn má baà rí i gbé.

Gustave de Beaumont yàtọ̀ pátápátá. Ní ìlú tó ń jẹ́ Beaumont-la-Chartre nígbà náà ni wọ́n bí i ní ọdún 1802, ìyẹn ni pé ènìyàn Beaumont ni tí wọ́n bí sí Beaumont. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alexis de Tocqueville rin Amẹ́ríkà já ní ọdún 1831 sí 1832 láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ọgbà ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Tocqueville ló gba òkìkí, ṣùgbọ́n Beaumont ni ó lọ kọ ìtàn àròsọ kan ní ọdún 1835 lórí oko ẹrú àti ìkórìíra àwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì sọ gbangba pé òfin lè dá ẹrú sílẹ̀ kí ìkórìíra sì ṣì dúró sí ipò rẹ̀.

Ní ti Jeanne-Marie Leprince de Beaumont, orúkọ ọkọ ni Beaumont: Leprince ni orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n sì bí i ní Rouen ní ọdún 1711. Nígbà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gé ìtàn gígùn kan kúrú fún àwọn ọmọdébìnrin, ní ọdún 1756, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí ìtàn arẹwà àti ẹranko. Léonce Élie de Beaumont, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, bá Dufrénoy ya àwòrán ilẹ̀ tó fi irú àpáta tó wà lábẹ́ gbogbo Faransé hàn, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1841. Francis Beaumont, tó gbé ayé láti 1584 sí 1616, kọ eré orí ìtàgé pẹ̀lú John Fletcher ní Lọ́ńdọ̀nù. Christophe de Beaumont ni bíṣọ́ọ̀bù àgbà Paris tó dẹ́bi fún ìwé Rousseau lórí ẹ̀kọ́ ọmọ, tí Rousseau sì dá a lóhùn pẹ̀lú lẹ́tà gígùn ní ọdún 1763.

Ṣé òkè ẹlẹ́wà kan wà ní Beaumont ti Texas?

Kò sí. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba ni. Ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1835, ẹnu kò sì kò lórí bí orúkọ náà ṣe dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé a lè gbé orúkọ lọ sí ibi tí kò bá a mu rárá. Òkìtì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Spindletop, tó wà lẹ́yìn ìlú, ni ibi tó ga díẹ̀, iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló sì tì í sókè.

Ṣùgbọ́n òkìtì yẹn ni ó yí ayé padà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1901, kànga tí Anthony Lucas ń gbẹ́ níbẹ̀ bú jáde, epo rọ̀bì sì fò sókè ju 30 mítà lọ, nǹkan bí 100,000 àgbá lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó lè dí i. Lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ dìde ni Gulf àti Texaco. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Beaumont ti kàn wá ní Nàìjíríà: Gulf ni ó rí epo Okan nínú òkun ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1960, Texaco sì jẹ́ orúkọ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mọ̀ lára ilé epo. Méjèèjì ti wọnú Chevron báyìí. Ìlú náà ní ìtàn búburú pẹ̀lú, nítorí pé ní oṣù kẹfà ọdún 1943 ni àwọn aláwọ̀ funfun ya bo àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, wọ́n dáná sun ilé àti ilé ìtajà.

Beaumont ti Kánádà ńkọ́?

Èyí tó wà ní Alberta bá orúkọ rẹ̀ mu díẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó, orí òkè kékeré kan ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Saint Vital sí, ibẹ̀ ni orúkọ sì ti jáde ní ọdún 1895. Èyí tó wà ní Quebec, létí odò Saint Lawrence, dàgbà jù ú lọ fíìfíì.

Ṣé orúkọ kan náà ni Beaumont, Belmont àti Belmonte?

Orísun kan náà ni, ẹnu tó pè wọ́n ló yàtọ̀. Belmont jẹ́ bí àwọn Faransé àtijọ́ ṣe ń pè é kí "bel" tó di "beau", Belmonte sì ni ti Pọtogí, Spéènì àti Ítálì. Ní Belmonte ti ilẹ̀ Pọtogí ni wọ́n bí Pedro Álvares Cabral, ẹni tí ọkọ̀ òkun rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Bràsíìlì ní ọdún 1500, ìlú Belmonte kan sì wà ní ìpínlẹ̀ Bahia lónìí. Ní Port of Spain, olú ìlú Trinidad, Belmont jẹ́ àdúgbò tí àwọn ọmọ Áfíríkà tó gba òmìnira kó lọ gbé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Níbẹ̀ ni àwọn ará Dàhọ́mì, tí wọ́n ń pè ní Rada láti inú orúkọ Allada, ti dá agbo ilé kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ilẹ̀ wọn.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí a pè é, kí a sì kọ ọ́?

Àwọn Faransé kì í pe "t" ìparí, nítorí náà ohùn rẹ̀ sún mọ́ "Bomọ́" lẹ́nu wa, imú sì ni a fi ń pe fáwẹ́lì tó gbẹ̀yìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Amẹ́ríkà máa ń pe "t" náà. Yorùbá tó kàwé ní Porto-Novo tàbí Kétu yóò pè é bí Faransé, èyí tó kàwé ní Ìbàdàn yóò pè é bí Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tó ṣì í, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé ará Faransé kan pàtó ni à ń dárúkọ. Ní kíkọ, ẹ fi í sílẹ̀ bí àwọn onílé ṣe ń kọ ọ́.

Ṣé ọlọ́lá ni gbogbo ẹni tó bá ní "de" níwájú Beaumont?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ló ní i, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ àti oníṣòwò náà ní i, ó sì máa ń jẹ́ ìlú tí bàbá wọn ti wá lásán. Ní ti títo orúkọ, abẹ́ B ni a ó ti rí Gustave, nítorí pé a kì í ka "de" mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n abẹ́ E ni onímọ̀ àpáta wà, torí pé "Élie de Beaumont" lódindi ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Abẹ́ E náà ni Chevalier d'Éon wà, amí ọba Faransé tó gbé apá kan ayé rẹ̀ bí ọkùnrin, apá kan bí obìnrin, tó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1810. D'Éon de Beaumont ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

Bí mo bá ń wá ìtàn ìdílé Beaumont kan, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó sún mọ́ yín jù lọ, kí ẹ máa rìn sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́lá kan ní Hastings kí ẹ wá máa wá ọ̀nà tí yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ọdún 1539 ni ọba Faransé pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà máa kọ ìrìbọmi sílẹ̀, ní ọdún 1792 ni ìjọba gba ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú lọ́wọ́ ìjọ, ní ọdún 1794 sì ni òfin kan kà á léèwọ̀ fún ọmọ ìlú láti jẹ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà orúkọ ti rọrùn láti tọ̀.

Ilé ìpamọ́ ìwé wà fún agbègbè kọ̀ọ̀kan ní Faransé, ọ̀pọ̀ wọn sì ti gbé ìwé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba owó. Paris ni ó nira, nítorí pé iná tó jó ìlú náà ní oṣù karùn-ún ọdún 1871 run àwọn ìwé tó ṣáájú ọdún 1860, apá kan nínú wọn ni wọ́n sì lè tún kọ. Agbègbè ni a fi ń wá ìwé, nítorí náà ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó wọlé ni èwo nínú àwọn Beaumont ni ìdílé náà gbé: ẹ kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ pẹ̀lú àfikún rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ agbègbè tó wà sí i.